Ọ̀nà Tó So Yunifásítì Mọ́ Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gààrì, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo yín, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: báwo ló ṣe yẹ kí yunifásítì ṣètò iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú? Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àwọn yunifásítì máa ń kọ ìwé ètò. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe láàárín ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá sínú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á pe àwọn èèyàn pàtàkì wá síbi ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè so èso tí àgbẹ̀ kò bá sí nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́, tí kò bá ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò sì sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yóò fi padà dé yàrá ìwádìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀: kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣíṣe ìwádìí, àti mímú ìmọ̀ lọ bá àwọn tó nílò rẹ̀ nílé àti lóko wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1988, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Yunifásítì náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí FUNAAB lónìí, dá iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AMREC sílẹ̀ ní ọdún 1991 láti máa bójú tó iṣẹ́ kẹta yẹn. Wọ́n tún ní rédíò tiwọn, 89.5 FM, tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ìlú Zaria, láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ahmadu Bello ti ní iléeṣẹ́ tirẹ̀, NAERLS, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí IAR&T tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe ìwádìí, ó sì ń kọ́ àgbẹ̀.

Kí wọ́n tó dá FUNAAB sílẹ̀ rárá ni iṣẹ́ yìí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1969, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí) tó ń kọ́ni nípa ìmúgbòòrò iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí abúlé Ìsóyà, tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n mú irúgbìn àgbàdo tó dára lọ, àmọ́ wọn kò dúró lórí àgbàdo. Wọ́n ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, wọ́n sì kọ́ àwọn obìnrin nípa oúnjẹ aṣaralóore àti ìtọ́jú ilé. Yunifásítì Ìbàdàn náà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní abúlé Badeku. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé oko kì í dá wà. Ẹni tó ń dáko náà ló ń tọ́mọ, òun ló ń wá owó ilé ìwé, òun ló ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ètò tó bá fẹ́ ran oko lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wo ilé pẹ̀lú.

Òkè òkun náà ní ẹ̀kọ́ tí yóò wúlò fún wa. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí Booker T. Washington jẹ́ olórí rẹ̀ láti ọdún 1881. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Púpọ̀ nínú wọn ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Wọn kò ráyè wá sí kíláàsì. Ní ọdún 1906, ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí kíláàsì máa lọ bá wọn. George Washington Carver, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, ya bí wọn yóò ṣe kan kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí ẹran yóò máa fà. Wọ́n kó irinṣẹ́ oko àti irúgbìn sínú rẹ̀, Thomas Monroe Campbell sì ń wà á láti àdúgbò dé àdúgbò. Wọ́n pe kẹ̀kẹ́ náà ní Jesup Wagon, nítorí pé Morris K. Jesup ló fi owó ṣe é. Campbell yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà síṣẹ́ láti máa kọ́ àgbẹ̀ lóko wọn.

Ní ọdún 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí òfin Smith-Lever. Òfin yìí ló mú kí iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa dá owó sí i, kí ìpínlẹ̀ máa dá tirẹ̀, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà sì máa kópa, kí yunifásítì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa darí iṣẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró. Ààrẹ wá, Ààrẹ lọ, òfin ṣì wà, owó ṣì ń wọlé. Irú ètò yìí náà kan ilẹ̀ wa, nítorí pé àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Wisconsin wà lára àwọn tó bá Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ dìde ní nǹkan bí ọdún 1964 sí 1975.

Ẹ wá wo tiwa. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí ADP ní Funtua, Gusau àti Gombe pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Nígbà tó yá, ó tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀: OGADEP ní Ògùn, OYSADEP ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin àgbààgbà inú wa á rántí àwọn ará àgíríìkì tó máa ń gun alùpùpù wá sí abúlé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé tán, ìpínlẹ̀ púpọ̀ kò fi owó tiwọn dípò rẹ̀. Alùpùpù bàjẹ́, kò sí owó epo, àwọn tó fẹ̀yìn tì kò ní arọ́pò. Lónìí, òṣìṣẹ́ àgíríìkì kan ṣoṣo lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ tó yẹ kó bójú tó. Ta ni yóò dé ọ̀dọ̀ ta ni? Àlàfo yìí ni àwọn yunifásítì wa fẹ́ máa dí, ìdí sì nìyẹn tí ètò wọn fi gbọ́dọ̀ múná dóko.

Báwo wá ni ká ṣe é? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló wà níbi tí wọ́n ti ń ṣètò náà. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì nígboro ni wọ́n jókòó sí, tó jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n, aṣojú ìjọba àti aṣojú báńkì ló wà níbẹ̀, èrò wọn ni wọn yóò kọ. Ó yẹ kí wọ́n lọ sí abúlé. Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n bèèrè ọjọ́ ọjà, nítorí pé ọjà abúlé wa púpọ̀ ń kò ní ọrọọrún, ẹni tó bá sì lọ ní ọjọ́ ọjà kò ní bá ẹni tó wá rí nílé. Kí wọ́n kí baálẹ̀, kí wọ́n sì má ṣe fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ baálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ọkùnrin lè gbin ẹ̀gẹ́, àmọ́ obìnrin ló máa ń rà á nínú oko, òun ló ń bó o, òun ló ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín, òun ló ń jókòó ti iná títí gààrì yóò fi gbẹ. Bí obìnrin kò bá sọ̀rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni a kò tíì gbọ́. Kí wọ́n tún wá àwọn tó yá ilẹ̀ dáko rí. A máa ń sọ pé kí àgbẹ̀ gbin igi, kó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ilẹ̀ kó lè lọ́ràá. Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé onílẹ̀ lè gba ilẹ̀ rẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀, báwo ni yóò ṣe gbin ohun tí ẹlòmíràn yóò kórè? Òun náà mọ̀ pé igi dára. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ ni kò ní. Ètò tó bá mọ èyí yóò pe onílẹ̀ àti ayálẹ̀ jókòó pọ̀ kó tó mú irúgbìn kankan dání. Àwọn àgbà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ń bẹ, ọgbọ́n àgbẹ̀ ń bẹ, àfi kí méjèèjì jókòó sídìí iṣẹ́ kan.

Ìkejì, kí wọ́n yan nǹkan díẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é dé òpin. Mo ti rí ìwé ètò tó fẹ́ ṣe àgbàdo, ìrẹsì, ẹja, oyin, ewúrẹ́, ìlera, ilé ìwé àti kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ kan kò lè gbé gbogbo ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Ọdẹ́dá, níbi tí FUNAAB wà gan-an, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní yunifásítì pín igi ẹ̀gẹ́ tó dára, tí àrùn kì í tètè mú. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa. Gbogbo abúlé wá fẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti fà, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín bá bàjẹ́, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà nígboro, tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, owó tí àwọn alájàpá bá dá lé e ni àgbẹ̀ yóò gbà. Ìkórè pọ̀, owó kéré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ igi ẹ̀gẹ́ tuntun mọ́. Nítorí náà, ètò ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ ní igi ẹ̀gẹ́ nínú, kó ní ọ̀dọ́ abúlé tí a kọ́ láti máa tún ẹ̀rọ ṣe, kó ní omi, kó sì ní ẹgbẹ́ tí yóò jọ tajà pọ̀. Ó sàn kí wọ́n ṣe irúgbìn kan bẹ́ẹ̀ láti ebè dé ọjà ju kí wọ́n fọwọ́ kan mẹ́wàá lọ.

Ìkẹta ni àkókò. Òjò kì í dúró de ìfọwọ́sí ìwé owó. Ní apá ibi tiwa yìí, àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin. Òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gbìn kejì. Bí owó irúgbìn àkọ́rọ̀ bá jáde ní Oṣù Keje, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi irúgbìn náà ṣe? Yunifásítì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, ìjọba ní tirẹ̀, ìyanṣẹ́lódì sì lè da méjèèjì rú. Ètò tó dára yóò fi kàlẹ́ńdà òjò sí iwájú, yóò sì to ti ìjọba àti ti yunifásítì tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé kí irúgbìn ti wà ní abúlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wáyé nígbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ dilẹ̀, kí wọ́n má sì pe ìpàdé nígbà tí gbogbo ilé ń ro oko.

Ìkẹrin ni owó àti òṣìṣẹ́. Ètò tí kò ní owó tirẹ̀, ìwé lásán ni. Kí ìgbìmọ̀ yunifásítì ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún, kí wọ́n má ṣe fi sílẹ̀ de ìgbà tí àjọ òkè òkun bá rántí wa. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ náà fi tiwọn sí i, kí òfin sì dè é, bí òfin Smith-Lever ṣe dè é ní Amẹ́ríkà. Owó epo alùpùpù kò tóbi tó owó ilé alájà mẹ́rin, àmọ́ òun ló ń gbé ìmọ̀ dé oko.

Ní ti òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìwé ìwádìí tí olùkọ́ yunifásítì bá tẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó lo Sátidé rẹ̀ láàárín àwọn tó ń yan gààrì, tó kọ́ wọn bí èéfín kò ṣe ní ba ojú wọn jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò rí gbà fún un lọ́jọ́ ìgbéga. Ẹni tó bá ń wá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n yóò jókòó sílé, yóò máa kọ̀wé. A kò lè bá a wí. Òfin tí a ṣe ni ó ń tẹ̀ lé. Bí yunifásítì bá fẹ́ kí àwọn olùkọ́ lọ sí oko, kí ó ka iṣẹ́ oko kún ìgbéga, kí àgbẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà. Kí wọ́n gba obìnrin púpọ̀ sí i síṣẹ́ pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ wà tí ìyá kan kò ní bá ọmọkùnrin àjèjì sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ agbára ńlá. FUNAAB ní ètò COBFAS, tó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ dáko láàárín ará ìlú kí wọ́n tó gboyè. Ọmọ tó ti bá àgbẹ̀ ro oko nínú oòrùn kò ní kọ ìmọ̀ràn tí kò ṣeé ṣe sínú ìwé lọ́jọ́ iwájú.

Ìkarùn-ún, tó wà lọ́kàn mi jù lọ, ni ọ̀nà àbọ̀. Ìmọ̀ ń ti yunifásítì lọ sí oko. Kí ọ̀rọ̀ náà máa ti oko padà sí yunifásítì. Ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tuntun kan wọ oko àgbàdo wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, fall armyworm ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wọ inú ọ̀mùnú àgbàdo, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti dé ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Àgbẹ̀ ti rí i nínú oko kí ìwé ìléwọ́ kankan tó dé ọwọ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Áfíríkà ti ń bu iyanrìn tàbí eérú sínú ọ̀mùnú àgbàdo láti fi dá kòkòrò náà dúró, ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn olùwádìí wá ń yẹ ọgbọ́n wọn wò. Bí abúlé kọ̀ọ̀kan bá ní ẹni tó lè pe yunifásítì lórí fóònù, tí yunifásítì sì ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé fóònù náà, kó dáhùn láàárín ọjọ́ mélòó kan, òfò púpọ̀ ni a kò ní ṣe. Rédíò wà, fóònù wà, WhatsApp wà. Ohun tó kù ni kí ètò yan ẹni tí yóò gbọ́, kó sì sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Kí ìdáhùn náà jẹ́ ní èdè tí àgbẹ̀ ń sọ nílé, Yorùbá fún Yorùbá, Ẹ̀gùn fún Ẹ̀gùn.

Irú iṣẹ́ àjọṣe láàárín oko àti yàrá ìwádìí bẹ́ẹ̀ gba sùúrù. Kòkòrò funfun kan ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ gan-an nílẹ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn wá ọ̀tá rẹ̀ títí dé orílẹ̀-èdè Paraguay, wọ́n rí agbọ́n tíńtín kan tó ń pa á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1981. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 1995. Iṣẹ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún péré ni gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wa ń lò lórí oyè. Bí ètò bá jẹ́ ti gíwá kan ṣoṣo, yóò bá a lọ. Kí ìgbìmọ̀ yunifásítì gbà á bí ti ilé-ẹ̀kọ́, kí gíwá tuntun tún un ṣe níbi tó bá yẹ, kó má ṣe sọ ọ́ nù.

Ìkẹfà ni bí a ó ṣe mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìròyìn máa ń ka iye ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe àti iye èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé. Ìyẹn kò tó. Kí wọ́n padà lọ sí oko lẹ́yìn ọ̀gbìn méjì, kí wọ́n wo bóyá àgbẹ̀ ṣì ń lo ohun tí wọ́n kọ́ ọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fún un ní ọ̀fẹ́ mọ́. Kí wọ́n bèèrè iye tó wọlé fún un àti wákàtí tí ìyàwó rẹ̀ ń lò nídìí iná. Bí wọ́n bá rí i pé ohun kan kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n sì yí i padà.

Ẹ̀yin gíwá àti ọmọ ìgbìmọ̀ yunifásítì wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ méjì ó kéré tán, ọkùnrin kan, obìnrin kan, jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ètò yín, kí ọ̀rọ̀ wọn sì wọ ìwé. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ dá owó sí iṣẹ́ yìí, ẹ sì fi òfin dè é. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí yunifásítì bá wá sí abúlé yín, ẹ má ṣe sọ ohun tí ẹ rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ sọ ohun tó ń dùn yín gan-an. Bí wọn kò bá sì wá, ẹ lọ bá wọn. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀tọ́ yín ni láti kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ètò náà wá fún yín láti fọwọ́ sí, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní èdè yín. Bí ẹ kò bá rí ibi kankan nínú rẹ̀ tí ẹ lè tọ́ka sí pé, "Àwa la sọ èyí," ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n padà lọ tún un kọ.